Bí Ògúnmọ́dẹdé Ṣe Yìnbọn Kọjá Àfonífojì Àìpadà

Ẹ fà wọlé díẹ̀ sí i, òjò yìí kò ní dá ní ìwòyí, ẹran tí à bá sì lọ dẹ náà ti wábi sá sí. Ẹni tí ikọ́ ń ṣe, kí ó wúkọ́ rẹ̀ tán nísinsìnyí, nítorí bí mo bá bẹ̀rẹ̀, n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ikọ́ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Ẹ ṣáà mọ̀ mí. Èmi Láṣebìkan yìí ni mo kojú ẹfọ̀n lọ́nà odò, tí mo wò ó títí tí ojú fi ti ẹfọ̀n, tó yà fún mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn un, mo rí yín. Ṣùgbọ́n ìtàn òní kì í ṣe tèmi. Ti Ògúnmọ́dẹdé ni, ọmọ Ọdẹ́níran, ará Òkè-Àsá, ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ọdẹ, ẹnu rẹ̀ ni mo sì ti gbọ́ ọ.

Ọdẹ́níran bàbá rẹ̀ wọ Igbó Ìpè lọ lọ́jọ́ kan, kò sì bọ̀. Àwọn ọdẹ wá a títí, wọn kò rí egungun, wọn kò rí fìlà, wọn kò rí àpò. Ẹ̀yin náà mọ àṣà wa. Bí ọdẹ bá kú, a ó di àpò rẹ̀ àti àwọn ohun tó fi ń dẹ̀gbẹ́ ní ẹrù, a ó gbé e lọ sí ìkòríta igbó, a ó sì sọ fún un pé ọdẹ ti tán, kí ó máa lọ sinmi. Ìyẹn ni ìpà ọdẹ. Òkú ọdẹ tí a kò bá ṣípà fún kò mọ̀ pé òun ti kú. Inú igbó ni yóò máa rìn, ẹrù léjìká, kò ní jókòó. Ògúnmọ́dẹdé lọ bẹ Olúọdẹ, olórí àwọn ọdẹ ìlú, pé kí wọ́n bá òun ṣípà bàbá òun. Olúọdẹ mi orí.

"Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ náà dun èmi náà. Èmi àti bàbá rẹ la jọ dàgbà. Ṣùgbọ́n kí la fẹ́ gbé lọ sí ìkòríta? A kì í fi ọwọ́ òfìfo ṣípà. Wá ẹrù bàbá rẹ wá."

Ọdún kò tíì yí po tí ìpè fi bẹ̀rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí adìyẹ bá ń wọlé, ohùn kan á dún lẹ́yìn ilé Ògúnmọ́dẹdé, ohùn ọkùnrin tó ti rẹ̀: "Àwẹ̀ró o! Wá bá mi gbẹ́rù!" Àwẹ̀ró ni ọmọ kan ṣoṣo tí Ògúnmọ́dẹdé bí, ọmọ tí bàbá àgbà náà máa ń gbé kọ́rùn lọ sóko nígbà ayé rẹ̀. Bí ọmọ náà bá ti gbọ́ ohùn yẹn, á dìde, á máa lọ, ojú rẹ̀ á dà bí ojú ẹni tó ń sùn. Ìyá rẹ̀ á dì í mú, ọmọ á sì máa jà bí ẹran tí okùn mú. Nígbà tó yá, kò jẹun mọ́. Èjìká rẹ̀ òsì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ wálẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí ìyá rẹ̀ ń wẹ̀ fún un, ó fi igbe ta: àmì okùn wà lórí èjìká ọmọ, ó pọ́n, ó wú, bí èjìká ẹni tó ti gbé àpò wíwúwo láti òwúrọ̀. Bẹ́ẹ̀ ọmọ náà kò gbé àpò kankan rí.

Ògúnmọ́dẹdé wo àmì náà, ẹ̀rù bà á wọ mùdùnmúdùn. Ó mọ̀ pé ẹrù tí òkú kò rí ẹni bá a sọ̀, ọmọ òun ni wọ́n ń gbé e lé. Bí okùn náà bá fi lè wọ inú ẹran ara, Àwẹ̀ró ti di ti Igbó Ìpè nìyẹn. Ó mú ìbọn ṣakabùlà rẹ̀, ó dìde. Ìyàwó rẹ̀ bi í pé níbo ló ń lọ.

"Mò ń lọ gba ẹrù bàbá mi wá. Di ọmọ yìí mú. Bó ti wù kó jà tó, má jọ̀wọ́ rẹ̀."

Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ó lọ.

Igbó Ìpè kò ní ẹran, kò ní ẹyẹ. Orúkọ ló kún inú rẹ̀. Gbogbo igi ibẹ̀ ló ń pe ènìyàn, ẹni tó bá sì dáhùn, ibi tó dúró sí tó fi jẹ́ ìpè ni yóò ti ta gbòǹgbò. Àwọn igi tí wọ́n tẹ̀ síwájú níbẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀, ènìyàn bíi tèmi tìrẹ ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Ògúnmọ́dẹdé bu omi nínú odò ẹnu igbó, ó fi kún ẹnu, ó pa ètè dé. Ẹni tó fomi sẹ́nu kò lè jẹ́ ìpè. Bó ṣe wọlé nìyẹn.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pè é, kò jẹ́. Olúọdẹ pè é tìbínú-tìbínú, kò jẹ́. Nígbà tó dé àárín gbùngbùn igbó, ìyá rẹ̀ tó ti kú láti ìgbà tó wà ní kékeré pè é. Kò tilẹ̀ pe orúkọ rẹ̀, oríkì rẹ̀ ló pè: "Àkànjí, Àkànjí ọmọ mi, ṣé o ti jẹun?" Omi bọ́ lójú rẹ̀, èyí tó wà lẹ́nu sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀lé e. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu ara rẹ̀, ó sá. Ó sọ fún mi nígbà tó darúgbó pé òun kò mọ̀ bóyá igi ni tàbí ìyá òun ní tòótọ́, àti pé ìyẹn ló ń dun òun jù. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, kò sí ohun tó ní eyín tí mo bẹ̀rù, ṣùgbọ́n ẹ má rán mi nígbó yẹn.

Bó ṣe jáde tó tu omi dànù ló gbọ́ igbe: "Dúró síbẹ̀! Bó o bá tún gbẹ́sẹ̀, òkò ni a ó fi kí ọ!" Ìlú Má-sún-mọ́-mi ló dé. Àwọn ará ibẹ̀ gbà pé ikú a máa ti ara ènìyàn kan fò mọ́ ẹlòmíràn bí iná orí pápá, nítorí náà ẹnikẹ́ni kì í sún mọ́ ẹnikẹ́ni. Ilé kọ̀ọ̀kan wà lórí òkè tirẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ kíra wọn, wọ́n á pariwo. Bí wọ́n bá fẹ́ fúnra wọn níṣu, wọ́n á jù ú. Ọkọ wà lórí òkè yìí, ìyàwó wà lórí òkè ọ̀hún. Ta ló ń bèèrè bí wọ́n ṣe ń bímọ? Àgbàyà ni ọ́. Jẹ́ kí n sọ ìtàn mi.

Àgbà obìnrin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Awòkèèrè. Òun nìkan ló pe àlejò náà gun òkè tirẹ̀. Ó ní òun ti dàgbà kọjá ohun tí ikú máa ṣẹ̀ṣẹ̀ fò mọ́. Ojú rẹ̀ jìn wọnú púpọ̀. Òkèèrè ni olójú jíjìn ti ń mú ẹkún sun: Ògúnmọ́dẹdé kò tíì ròyìn ọ̀ràn ọmọ rẹ̀ dé ìdajì tí omi ti ń bọ́ lójú ìyá náà. Ó fà á dìde, ó nawọ́ síwájú.

"Wo ọ̀hún."

Àfonífojì kan là sílẹ̀ níwájú wọn, Àìpadà ni wọ́n ń pè é, ó jìn débi pé ìkúùkùu ló kún inú rẹ̀. Ní òdìkejì, òkè kan wà tí kò hu koríko. Àwọn ọkùnrin ń yí i po, wọ́n tẹ̀, àpò wà léjìká oníkálukú, wọn kò bára wọn sọ̀rọ̀.

"Àwọn ọdẹ tí a kò ṣípà fún nìyẹn," ni Awòkèèrè wí.

Ògúnmọ́dẹdé fi ọwọ́ ṣíji bojú, ó wò, ó sì rí ẹnì kan tó ń wọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún nílẹ̀. Ìrìn bàbá rẹ̀ ni. Ó ké, ó fẹ́ sáré sísàlẹ̀, ìyá náà gbá a láṣọ mú.

"Bó o bá sọdá, ẹrù ni wọ́n máa gbé kọ́ ìwọ náà léjìká. Ta ni yóò wá gba tìrẹ? Ṣé ọmọ yẹn náà ni?"

Ògúnmọ́dẹdé fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn.

"Okùn àpò yẹn ti wọ bàbá rẹ lára, kò lè fọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ ọ. Ọmọ bíbí inú rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ já a. O kò lè dé ibẹ̀, àmọ́ o lè rán nǹkan débẹ̀."

"Kí ni mo lè rán, ìyá?"

"Ọta ìbọn."

Háà! Inú ọkùnrin náà dùn. Ó ní, "Ìyá, ẹ ò wulẹ̀ tètè sọ. Ọdẹ ni mí. Ìbọn mi kì í tàsé." Ó ki ṣakabùlà rẹ̀ ní àkìkún, ó ki oríkì ara rẹ̀ ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá, ó nà án sí àfonífojì náà, ó yìn ín. Ilẹ̀ mì, èéfín sọ, gbogbo ọta náà sì dà sínú koríko tó wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ wọn bí àgbàdo tí a dà fún adìyẹ. Àwọn ará Má-sún-mọ́-mi ń rẹ́rìn-ín láti orí òkè dé orí òkè.

"Ọdẹ tó ń rá mọ́ ẹran títí tó fi gbóòórùn rẹ̀ ni ọ́," ni Awòkèèrè wí. "Iṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó o lè rá mọ́ níbí."

Ó wọlé, ó gbé ìbọn kan jáde, irú èyí tí ń yin ọta kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Igi ìdí rẹ̀ ti họ, kò sí ẹ̀ṣọ́ kankan lára rẹ̀, ìbọn ìdẹgbẹ́ lásán. Ó hàn lójú Ògúnmọ́dẹdé pé kò wù ú.

"Ìyá, ẹ ò ní èyí tó dáa ju èyí lọ?"

"Ìbọn tó ń ṣe ohun kan náà lójoojúmọ́ ló dáa. Èyí kì í purọ́. Bó bá tàsé, ìwọ lo purọ́."

Ó gbé àpáàdì kan kọ́ ara igi. Kò jìnnà rárá, débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bí ọdẹ náà nínú. "Èyí? Ọmọ mi lè fi òkò bà á!" Ìyá náà ní, "Bà á, ká wò ó." Ó ní kí ó dojú bolẹ̀, kí ó gbé ìbọn lé orí àpò iyanrìn. Ó nira fún ọkùnrin náà láti dojú bolẹ̀, nítorí ní Òkè-Àsá ẹran tí a pa nìkan ní í sùn sílẹ̀ níwájú ìbọn. Ó dọ̀bálẹ̀ ṣá. Ó yìn ín, ó tàsé. Ó tún un yìn, ọ̀tọ̀ ni ibi tí ìyẹn lọ. Nígbà tí yóò fi sinmi, ara igi náà ti rí bí ojú ẹni tí ṣọ̀pọ̀ná jẹ, àpáàdì sì wà níbẹ̀ láìfọ́. Awòkèèrè kò wo igi. Ọdẹ náà ló ń wò.

"Gbé e wá, kí n bá ọ fi ọta sí i." Ó ṣe é, ó dá a padà. Ògúnmọ́dẹdé fojú sùn ún, ó fà á. Kán! Kò dún. Kò sí ọta níbẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ti yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ojú rẹ̀ ti dì pinpin, èjìká rẹ̀ sì ti fò.

"Ta ló gbá ọ létí?" ni ìyá náà bi í.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo ṣakabùlà níbí, ẹ má rẹ́rìn-ín rẹ̀ o, nítorí ohun tí gbogbo yín ń ṣe nìyẹn. Ẹ̀tù tó wà létí ìbọn wa a máa bù yẹ̀rì lẹ́bàá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹni tí kò bá tètè yíjú, iná á mú un lójú. Mo mọ ọdẹ olójú kan ní Òkè-Àsá. Nígbà tí ẹran bá wà nítòsí, tí ọta sì kún ọwọ́, kò sí ewu: kó o yíjú, kó o máa ké ìbọ̀sí, nǹkan kan á ṣáà bà á. Ṣùgbọ́n ẹni tó rán ọta kan níṣẹ́ sọ́nà jíjìn, bó bá yíjú, ó ti yí ọta náà padà lójú ọ̀nà.

Ògúnmọ́dẹdé ní, "Bàbá mi ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ó máa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí mi lórí."

"Mo mọ̀. Kò fẹ́ kí ojú rẹ fọ́ ni. Ohun tí wọ́n fìfẹ́ kọ́ni kì í tètè kúrò lára."

Láti ọjọ́ yẹn, òun ló ń fi ọta sí ìbọn fún un. Nígbà mìíràn ọta á wà níbẹ̀, nígbà mìíràn kò ní sí, ọdẹ náà kò sì ní mọ èwo ni. Gbogbo ìgbà tó bá yíjú fún ìbọn òfìfo, ìyá náà á fi igi kékeré gbá a nídìí, bẹ́ẹ̀ ọlọ́mọ ni o! Ó ní kí ó má já irin tí a ń fà yìnbọn gbà, kí ó máa fà á díẹ̀díẹ̀ títí tí ìró yóò fi bá òun alára lójijì. "Sùúrù la fi ń pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n," ló máa ń wí. Nígbà tí ojú rẹ̀ wá dúró, ó kọ́ ọ ní èémí.

"Mí jáde. Má tíì mí wọlé. Níbẹ̀ yẹn ni kó o ti fà á."

"Kí ló wà níbẹ̀, ìyá?"

"Ibẹ̀ làwọn òkú ń gbé. Èémí ti jáde, òmíràn kò sì wọlé. Yá ilé wọn lò díẹ̀, kó o tètè jáde."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Ògúnmọ́dẹdé lára. Nígbàkígbà tó bá ti mí jáde tó sì dúró, ó ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ tó ń wọ́ nílẹ̀, ẹsẹ̀ púpọ̀, bí ẹni pé òkè ọ̀hún wà nínú àyà rẹ̀.

Ọta rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kóra jọ sójú kan débi tí àtẹ́lẹwọ́ lè bò ó. Ìyá náà kò gbóríyìn fún un, ńṣe ló gbé àpáàdì jìnnà sí i. Bó ṣe ń jìnnà ni ọta ń bọ́ sísàlẹ̀. "Ilẹ̀ ló ń pè é," ni Awòkèèrè wí. "Gbogbo ohun tó bá rìnnà jíjìn ni ilẹ̀ ń pè. Fojú sun òkè ibi tó o fẹ́." Ọkàn Ògúnmọ́dẹdé kò balẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ kò lè lẹ́ kó má rántí ilé, kó má máa rò ó bóyá ọwọ́ ìyá ọmọ ti rẹ̀. Á ní, "Ìyá, ṣé ó tó báyìí?" Ìyá á ní kò tíì tó. Ó bú u nígbà kan nínú ìbànújẹ́, ó ní ìyá tí kò lọ́mọ ni. Awòkèèrè gbé àpáàdì sẹ́yìn sí i. Lọ́jọ́ tí Ògúnmọ́dẹdé fọ́ èyí tó jìnnà jù, ó tẹ́ ọwọ́ gba ọta òmíràn, ó sì rí i pé ẹyọ kan ṣoṣo ni ìyá náà fi lé òun lọ́wọ́.

"Ó tó. Máa lọ. Bó o bá tàsé, wọ́n á gbọ́ ìró rẹ̀, wọ́n á wọ ìkúùkùu lọ, o kò sì ní rí bàbá rẹ mọ́."

Létí àfonífojì náà, ẹbọra kan dìde níwájú rẹ̀. Koríko ni irun orí rẹ̀, gbogbo irun náà sì ń mì. Ó ní, "O rán ọmọ níṣẹ́, mo pàdé rẹ̀ lọ́nà, mo tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìwọ tó rán an kò rí mi. Ta ni mí? Bí o kò bá mọ̀ mí, ọ̀run ni ọmọ rẹ ń lọ."

Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn kọ́kọ́ gún ọdẹ náà láyà, Àwẹ̀ró ló rò ó sí. Ó wá wo ọta tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo irun koríko tó ń mì. "Afẹ́fẹ́ ni ọ́. Ọta tí mo fẹ́ rán ni ọmọ tí ò ń wí."

Ẹbọra náà rẹ́rìn-ín. "O gbà á. Má wo ibi ẹsẹ̀ rẹ nìkan o. Àárín àfonífojì ni mo ti lágbára jù. Wo bí ìkúùkùu ṣe ń lọ." Ó tú ká bí èéfín, koríko lásán ló kù nílẹ̀. Ògúnmọ́dẹdé wo ìkúùkùu: ó ń ti ọwọ́ òsì lọ sí ọwọ́ ọ̀tún, kò yára, kò sì dẹ́kun.

Ó dojú bolẹ̀, ó gbé ìbọn lé àpò iyanrìn. Àwọn òkú ń yí òkè po, wọn kì í dúró. Ta ló máa yin okùn tó ń rìn? Ó dúró títí oòrùn fi ń wọ̀. Nígbà náà ni Ọdẹ́níran yà kúrò láàárín àwọn yòókù, ó wá sí etí bèbè, ó dúró jẹ́ẹ́, ó kọjú sí ilé, ó sì kó ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu láti pè. Ògúnmọ́dẹdé kò gbọ́ ohùn rẹ̀, nítorí Òkè-Àsá ni ohùn náà ń lọ. Ó mọ̀ pé ní wákàtí yìí Àwẹ̀ró ti ń dìde nílé. Ìgbà tí bàbá bá ń pe ọmọ náà nìkan ló máa ń dúró.

Okùn wà lórí èjìká òsì bàbá rẹ̀, èyí tó bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún ẹni tó ń wò ó. Ògúnmọ́dẹdé rò ó. Ilẹ̀ yóò pe ọta, yóò bọ́ sísàlẹ̀. Nítorí náà kí òun fojú sun òkè. Afẹ́fẹ́ yóò tì í sí ọ̀tún. Nítorí náà kí òun fojú sun òsì. Ó gbé ẹnu ìbọn sókè díẹ̀, ó fà á sósì díẹ̀, ó sì rí ibi tí ó bọ́ sí. Àárín iwájú orí bàbá rẹ̀ ni.

Ó gbé ojú kúrò lára ìbọn, ó tún un gbé sí i, iwájú orí yẹn náà ló tún bá níbẹ̀. Ta ni nínú yín ló lè na ìbọn sí bàbá rẹ̀ lórí, kí ó sì gbà gbọ́ pé ohun tí ojú ń rí kọ́ ni ọta máa bà? Èmi tí ẹfọ̀n yà fún, n kò ní lè ṣe é. Bàbá náà sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó sì dà bí ẹni pé ó rí i. Ojú ń wo ojú. Gbogbo ara Ògúnmọ́dẹdé ń wí fún un pé kí ó yíjú, bí bàbá yẹn gan-an ṣe kọ́ ọ. Omi kún ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ó mí jáde, ó dúró nílé àwọn òkú, ó fa irin náà díẹ̀díẹ̀, kò sì gbójú kúrò lójú bàbá rẹ̀ títí ìbọn fi dún, àti lẹ́yìn tó dún.

Okùn já.

Àpò ṣubú. Ọdẹ́níran ta gọ́ọ́gọ́ọ́ bí ẹni tí wọ́n yọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀, ó wá nà ró, ó ga, ó ga bí ó ṣe ga nígbà tó wà lọ́mọkùnrin. Ó fọwọ́ pa èjìká rẹ̀. Lẹ́yìn náà ìkúùkùu bò ó. Afẹ́fẹ́ gbé àpò náà sọdá àfonífojì, ó jù ú síwájú Ògúnmọ́dẹdé. Ó ṣí i wò. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Àpò òfìfo ni òkú náà ti ń gbé kiri láti ọjọ́ yìí.

Mi ò ní fi ìpadàbọ̀ dá yín dúró. Ó délé, àwọn ọdẹ pé jọ, wọ́n di àpò náà lẹ́rù, wọ́n gbé e lọ sí ìkòríta, wọ́n sun ìrèmọ̀jé, ẹkún òkú ọdẹ, títí ọ̀fun fi gbẹ. Olúọdẹ dúró síwájú ẹrù, ó ní, "Ọdẹ́níran, ọdẹ ti tán. A ti bá ọ sọ̀. Máa lọ sinmi." Wọ́n kẹ́yìn sí i, wọ́n lọ sílé, ẹnikẹ́ni kò wẹ̀yìn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí adìyẹ ń wọlé, Ògúnmọ́dẹdé lọ jókòó sẹ́yìn ilé. Kò sẹ́ni tó pe ẹnikẹ́ni. Ó dúró títí ilẹ̀ fi ń ṣú, ó sì bú sẹ́kún, ẹkún tí kò sun lọ́jọ́ tí wọ́n wá bàbá rẹ̀ tì, nítorí ọjọ́ yìí gan-an ni bàbá rẹ̀ tó kú. Àwẹ̀ró jáde wá, iṣu sísun wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń jẹ ẹ́. Ó jókòó tì í.

"Bàbá, ta lẹ ń retí?"

"Kò sẹ́nì kankan mọ́, ọmọ mi. Jẹ iṣu rẹ."